Ègbè Tí A Gbé Mì

Òfin mẹ́rìnlá ló wà nínú ìwé ìdíje orin tí Hadassah, ọmọ ọmọ mi, mú wálé láti ilé ìwé, gbogbo wọn ni mo sì fẹ́ràn. Ìwé kejì ni mo kà dé kí bàbá mi tó ní kí n máa bọ̀ lóko, ṣùgbọ́n kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì wa kọ́ mi ní sọ́fà. Títí dòní, bí ẹ bá kọ létà sí mi, ó ṣeé ṣe kí n ṣì í kà. Bí ẹ bá kọ dò-rè-mí sí mi, n kò ní í ṣì í láéláé.

Mo ní kí Hadassah ka àwọn òfin náà fún mi nígbà mẹ́rin. Nígbà tó ka ìkẹrin tán, mo ti fi wọ́n ṣe orin, mo sì ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń gbálẹ̀:

Àdákọ, ẹnìkan ni,
Kò gbọdọ̀ di méjì.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló ní,
Orí ni kó ti wá, má wojú ìwé.
Ẹ̀dà mẹ́ta fún adájọ́,
Ẹni tí ò mú un wá, kó máa relé.

Asiata, ọ̀rẹ́ mi tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa níyà, yọ orí lójú fèrèsé. Ó ní, "Ìyá Ìyìnolúwa, ṣé ìwọ lo fẹ́ lọ díje ni, àbí ọmọ?"

Mo ní, "Ọmọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ sin ọmọ lọ sóde ní láti mọ òfin òde."

"Kí òfin má ṣáà sìn ẹ́ bọ̀ wálé."

Ọ̀rọ̀ yẹn ká Hadassah lára, nítorí òfin ti sìn ín wálé rí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀dà orin kan péré ló mú dání. Wọn kò jẹ́ kó la ẹnu rárá tí wọ́n fi ní kó padà. Ọdún yìí ni àyè rẹ̀ ìkẹyìn. Tó bá ti wọ kíláàsì tó kẹ́yìn, ilé ìwé wọn kì í jẹ́ kí wọ́n díje mọ́, ìwé ìdánwò nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá sì gba ipò kìíní ní Ọ̀fà ló máa lọ kọrin ní Ìlọrin. Ìlọrin yẹn ni ọmọ náà ń fojú sọ́nà fún láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá.

Orin tó mú, orin mi ni. Mo ń ta èkuru ní ibùdókọ̀ rélùwéè nígbà tí mo kọ ọ́, lọ́jọ́ tí ọkọ mi wọ ọkọ̀ lọ sí Kánò láti wá iṣẹ́. Gbogbo àwa obìnrin tí a jọ ń tajà níbẹ̀, títí dórí àwọn tó ń kó iṣu wá láti ìlú Ojoku, ló mọ̀ ọ́n. Èmi á lé e, wọn á gbè é, àwọn èrò inú ọkọ̀ á sì na ọwọ́ jáde láti rajà. Ọkọ mi padà bọ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere kan.

Tísà Barnabas, olùkọ́ orin Hadassah, wá sí pálọ̀ wa láti kọ ọ́ sílẹ̀ ní sọ́fà. Èmi ń kọ ọ́ lẹ́nu, òun ń kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì tún un ṣe fún un.

Ó ní, "Ìṣòro kan wà, Mummy. Orin yìí ní ègbè. Àdákọ sì rèé, ohùn kan ṣoṣo. Ta ni yóò gbè é?"

Mo ní, "Òun fúnra rẹ̀ ni. Kó lé e lókè, kó sọ̀ kalẹ̀ wá gbè é nísàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà mẹ́rin la ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti Asiata wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, a sì dé gbọ̀ngàn ìdíje kí wọ́n tó to ìjókòó tán. Nígbà tí ilé kún, mo wẹ̀yìn, mo rí àwọn obìnrin ibùdókọ̀ tí a jọ tajà nígbà kan. Wọ́n ti gbọ́ pé orin wa ń lọ sí ìdíje, wọ́n sì ti wé gèlè wá. Inú mi dùn débi pé n kò ronú nǹkan kan sí i. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe.

Adájọ́ mẹ́ta ló wá láti Ìlọrin. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè ni olórí wọn, ọkùnrin gíga kan tí awò ojú rẹ̀ jókòó sórí imú bí ẹyẹ. Ó ka òfin sétígbọ̀ọ́ wa. Bó ṣe ń kà á ni mo ń kọ ọ́ lórin lábẹ́ ahọ́n, títí Asiata fi fi ìgúnpá gbá mi.

Ọmọ mẹ́fà kọrin. Ọ̀kan gbàgbé orin lágbede méjì, ọ̀kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, wọ́n lu aago fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe Hadassah. Ó rìn jáde nínú aṣọ ilé ìwé tí mo fọwọ́ ara mi lọ̀, ó tẹríba, ó sì lé e:

Rélùwéè dé, kí la ó gbé fún un?

Ohùn kan dá a lóhùn:

Iṣu Ojoku, iṣu tútù.

Ohùn mi ni. Kì í sì í ṣe èmi nìkan. Asiata gbè é, gbogbo ìlà ẹ̀yìn gbè é, ẹnu bí ogójì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dákun, ẹ má bi mí pé ibo ni mo gbé orí sí. Wọ́n ti tọ́ wa dàgbà pé bí ẹnìkan bá lé orin, a kì í jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Mo rí i tí Hadassah la ẹnu tó fẹ́ gbè é, tí ẹnu náà sì wà ní lílà lásán. Ó tún lé e:

Rélùwéè ń lọ, kí la ó gbà lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwa náà tún já a gbà, ti ohùn ti àtẹ́wọ́:

Ẹni tó lọ kó tètè bọ̀.

Aago dún. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè gbé kálàmù sókè.

"Dúró níbẹ̀, ọmọ yìí. Òfin kìíní: àdákọ, ohùn kan. Ohùn tí mo gbọ́ kò lóǹkà. A ò lè fún ọ ní máàkì. Ẹni tó kàn."

Hadassah kò sunkún. Ó tẹríba bí Tísà Barnabas ṣe kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ló wá wò mí. Bó bá bú mi ni, ìbá sàn fún mi.

Mo dìde. Asiata di ìró mi mú. "Jókòó. O ti ṣe tòní."

Mo já ìró mi gbà, mo rìn lọ síwájú tábìlì wọn.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá tísà."

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó. Wọn kì í bá adájọ́ sọ̀rọ̀."

"Òfin kẹwàá nìyẹn. Olùdíje àti olùkọ́ rẹ̀ ló ní kò gbọdọ̀ bá yín sọ̀rọ̀. Kò dárúkọ ìyá àgbà."

Ó wo ìwé òfin. Obìnrin adájọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè ní, "Ta ló kọ́kọ́ gbè é?"

"Èmi ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa lé ẹnìkan, ẹ lé mi."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń díje. Ọmọ ló ń díje, ẹ sì ràn án lọ́wọ́. Òfin kò gbà á."

"A ò ràn án lọ́wọ́. A já orin gbà lẹ́nu rẹ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀dà tó wà níwájú yín, ìlà kejì. Ta ni wọ́n kọ ègbè yẹn fún?"

Ó fa ẹ̀dà náà súnmọ́ra, ó fi ìka tọ sọ́fà náà lọ. Ó ní, "Òun náà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohùn ìsàlẹ̀."

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀?"

"Rárá."

"Ẹ ò gbọ́ ọ nítorí pé àwa bò ó mọ́lẹ̀. Òfin kẹtàlá, ọ̀gá: bí ariwo èrò ìwòran bá da olùdíje rú, ẹ lè jẹ́ kó tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Orin ni mo fi sọ ọ́. N kò mọ̀, àfi ìgbà tí gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí korí. Nígbà tí wọ́n gbé orí sókè, Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Kó tún un kọ. Ṣùgbọ́n, Mummy, ta ni yóò di àwọn èèyàn yìí lẹ́nu?"

"Èmi tí mo là á ni."

Mo kọjú sí ilé. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, orin yìí dùn, èmi ni mo kọ ọ́, mo mọ̀. Ègbè á wá sí yín lẹ́nu. Bó bá ti dé, ẹ gbé e mì. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọ̀nà ọ̀fun òun kò gbà á, kó lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò."

Obìnrin méjì láti ìlà ẹ̀yìn dìde, wọ́n jáde. Wọ́n mọ ara wọn.

Mo jókòó, mo ká etí ìborùn mi, mo kì í bọnu. Asiata di ọwọ́ mi méjèèjì mú, bóyá kí n má baà pàtẹ́wọ́, bóyá kí òun fúnra rẹ̀ má baà pa á.

Hadassah lé e. Gbogbo ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, bí ẹni sọ korobá sínú kànga, tó gbè é fúnra rẹ̀: Iṣu Ojoku, iṣu tútù. Mo ti ń kọ orin yìí láti àádọ́ta ọdún, n kò gbọ́ ègbè rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ ni mo máa ń wà. Nígbà tó dé "kó tètè bọ̀", ó rọra tẹ̀ ẹ́, omi sì bọ́ lójú mi sórí ìborùn.

Ó parí. Ó tẹríba. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́, ẹ̀rù ń bà wá. Ọ̀gbẹ́ni Adétóyè kọ̀wé, kọ̀wé, ó wá gbé kálàmù sílẹ̀.

Ó ní, "Ó ti parí. Ẹ lè gbè é báyìí."

Ilé sì gba ègbè náà bí ìgbà tí omi odò bá ya. Àwọn méjì abẹ́ máńgòrò gbà á láti ìta. Mo rí ètè adájọ́ náà tó ń mì.

Ipò kìíní ni wọ́n fún un. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa relé, Hadassah ka ohun tí adájọ́ kọ sísàlẹ̀ ìwé rẹ̀ fún wa: "Ohùn ìsàlẹ̀ dára púpọ̀. Ní Ìlọrin, kí màmá àgbà jókòó sí ìlà ìkẹyìn."

Asiata ní, "Ìlà ìkẹyìn kò tó. Ilé ni kó jókòó sí."

Mo ní, "Hadassah, tún òfin yẹn kà. Ṣé ó sọ ibi tí èèyàn gbọ́dọ̀ jókòó?"

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí a tó dé ilé. Kò sí i níbẹ̀. Síbẹ̀, mo ti fọ ìborùn mi, mo ti ká a sínú báàgì. Iwájú ni n ó jókòó sí, ìborùn yẹn ni n ó sì fi di ẹnu.