Táyà Tó Ń Yí Fúnra Rẹ̀

Inú mi kì í pẹ́ dùn. Bí wọ́n ṣe dá mi nìyẹn, ẹ má bínú. Bí mo bá ń fọ abọ́, orin. Bí mo bá ń gbálẹ̀, orin. Ọkọ mi ní tí òun bá kú, ariwo mi ò ní jẹ́ kí òun sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rín inú rẹ̀ ò pọ̀.

Ọdún mẹ́fà ni ọkọ mi fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ to ọkọ̀ kan nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé wa. Inú àpótí ló ti wá ní wẹ́wẹ́. Àga méjì péré ló ní. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wẹ́dà tí gbogbo wa ń pè ní Inámájómi ló bá a jó irin rẹ̀ pọ̀. Ọkùnrin yẹn kì í lo téèpù. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń wọn nǹkan. "Ọwọ́ mi ò parọ́ rí," ló máa ń wí. Etí irin méjì tí ráákì sítíárìn, irin gbọọrọ tó ń yí táyà síhìn-ín sọ́hùn-ún, jókòó lé ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn náà, ó sùn, kò jí.

Nígbà tó yá, ojú ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú ní oṣù mélòó kan ló kù kó jáwọ́ nínú ọkọ̀ wíwà. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá: kó wa ọkọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Sátidé ló dá.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé tíì lọ bá a. Ó ń di bọ́ọ̀tù lẹ́yìn ọkọ̀. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọbìnrin tó gbọ́n jù wá lọ, jókòó sídìí sítíárìn, ó dì í mú gírígírí bí bàbá rẹ̀ ṣe ní kó ṣe. Èmi gun imú ọkọ̀, mo jókòó, ó di:

"Gbé mi lọ, má sáré jù,
Ìdí mi ti gbó, kò gba gbígbọ̀n jìgìjìgì;
Gbé mi lọ, má rọra jù,
Kí n má baà darúgbó sọ́nà."

Mo ń fì sókè, mo ń fì sódò. Ni mo bá wolẹ̀. Bí mo bá tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, imú táyà á ya síta. Bí mo bá gbéra, á padà.

"Bàbá, táyà yín ń bá mi jó o," mo wí fún ọkọ mi.

"Olórin, ojú tèmi ló ń ṣú, kì í ṣe tìẹ."

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án, tó bá jẹ́ irọ́."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé táyà. "Tún un kọ." Mo tún un kọ, mo tún ń fì lórí imú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àbíkẹ́yìn mú téèpù wá, kó ka nọ́ńbà fún òun.

"Etí irin yìí fi ìka méjì ga jù, Bàbá," ni ọmọ wí. "Ọ̀pá tó ń fa táyà àti apá tó gbé e ò lọ sókè sódò pọ̀. Tẹ́ ẹ bá já sí kòtò lórí eré, ọkọ̀ á yà fúnra rẹ̀. Ẹ gé e."

"Gé kí ni? Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi nìyẹn!"

"Ọwọ́ tó parọ́," èmi ni mo sọ ọ́. Ojú rẹ̀ yí padà, ó dùn mí pé mo lanu.

"N ó rọra wà á," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni."

"Ikú náà, Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ọmọ dá a lóhùn.

Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí irin ń ké. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gé e, ó ń fi ìka wá ojú ibi tí yóò gé. Nígbà tí etí kejì já bọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé méjèèjì sórí itan.

A wá wẹ́dà mìíràn. Ẹni yẹn gba iṣẹ́, ó sọnù, Sátidé kọjá lọ. Ó padà wá, ó tún sọnù. Kó tó parí, ọkọ mi ti ń da tíì sórí tábìlì dípò inú ife. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ parí, ó na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ. Àga kejì ló jókòó sí.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n sáré gba orí bọ́m̀pù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta iwájú ilé wa, wọ́n yí padà, wọ́n tún gbà á. Inú mi dùn, mi ò lè parọ́. Ọkọ mi wà láàyè.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ìwọ lo rí i. Báwo ni táyà ṣe lọ?"

"Tààrà ni."

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì, Bàbá."

Ó ní kí n mú òun dé ìdí táyà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa á yíká, díẹ̀díẹ̀, títí ìka rẹ̀ fi kan etí irin tuntun, níbi tí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún bi mí, bí ẹni pé mi ò tíì dáhùn:

"Méjèèjì?"