Ẹ̀rọ Tí Kì Í Mu Omi

Ìkìlọ̀ náà fi ọjọ́ kan pẹ́. Ẹni tó ta ẹ̀rọ tuntun fún yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn ní Okokomaiko ló fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀gá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ẹ má bu omi sí i o. Gbígbẹ ni búlọ́ọ̀kù irin inú rẹ̀ fi ń mú túùbù ẹ̀jẹ̀ gbóná."

Omi ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rọ àtijọ́ kì í ṣiṣẹ́ láìsí omi, ìdí nìyẹn tí Adéṣẹwà tó ń ṣe àyẹ̀wò fi rọ ọ́ kún gbogbo ihò irin náà kó tó lọ sílé. Nígbà tí wọ́n tan án láàárọ̀, tí Felicia tó ń gbálẹ̀ fọwọ́ kàn án, iná gbé e ṣánlẹ̀. Adéṣẹwà ló sáré yọ wáyà lára ògiri.

Ọ̀gá Àdìsá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn náà tán, wo garawa tó wà lẹ́sẹ̀ Felicia. "Ṣé búlọ́ọ̀kù ilé ni, tó o fi ń bomi rin ín?"

"Ọ̀gá, mi ò..."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ká ẹrù ẹ, kó o máa lọ sí Ìjanikin yín."

Felicia dìde nílẹ̀, ó ń wá bàtà rẹ̀. Adéṣẹwà mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ó lọ dúró sáàárín àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá, kì í ṣe Felicia. Èmi ni mo bu omi sí i. Bí ẹ bá máa lé èèyàn, èmi ni kẹ́ ẹ lé."