Àwọn Ọlọ́kàn-Ọ̀tún Òkè-Onígbìn

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, ẹ má wulẹ̀ díbọ́n. Ẹni tó lọ gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún nípa àìsàn ọkàn, tó dé tó ní kí wọ́n kọ "Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọkàn" sẹ́nu ilẹ̀kùn òun, kò fi gbogbo ọjọ́ márààrún tẹ́tí sí olùkọ́. Fọ́tò ni Dókítà Àfísù yà níbẹ̀, wọ́n sì dára.

Ilé ìwòsàn kékeré ló ń darí ní Òkè-Onígbìn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ síbẹ̀, èyí tí wọ́n ń so wáyà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn, tó sì ń fa ìlà sórí bébà bí ọkàn bá ṣe ń lù. Wọ́n ní bí àwọn bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé wọ́n mọ̀ ọ́n lò, àwọn á kọ́ odindi ilé ìtọ́jú ọkàn, Àfísù á sì di ọ̀gá rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Òmù-Àrán ni ẹ̀rọ ń lọ yẹn.

Oṣù kan ò tíì pé tí Àfísù fi ṣe àwárí ńlá. Nínú ènìyàn mọ́kànlélógójì tó yẹ̀ wò, ogójì ni bébà sọ pé ọkàn wọn wà lápá ọ̀tún! Ẹnì kan tó kù ni Ndagi, ará Ṣàárẹ, tó ṣubú lórí ọ̀kadà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wà nínú báńdéèjì.

"Dókítà, ogójì yìí mà pọ̀ o," ni Nọ́ọ̀sì Jàrátù wí.

"Ọ̀rọ̀ ìran ni, Jàrátù. Ndagi, àlejò ni, kì í ṣe ọmọ Ìgbómìnà. Ọkàn Ìgbómìnà kì í gbé òsì."

Ó kọ ọ́ sínú ìwé olójú-ewé ọgbọ̀n, ó fi ránṣẹ́ sókè òkun.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, ẹgbẹ́ àwọn ará òkè òkun náà rán Dókítà Hamidah wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ìlú tó jẹ́ pé ọkàn nìkan ló ń tọ́jú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ka ìwé yín. N ò rí oorun sùn. Ẹ ṣe ọ̀kan lójú mi."

Bùkárì, àgbẹ̀ oníṣu láti Ìsánlú-Ìsin, ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Àfísù mú wáyà tó jẹ́ ti ọwọ́ òsì. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ojú Hamidah ló ń wò.

"Bàbá, ẹ mú ọwọ́ wá."

Bùkárì na ọ̀tún. Àfísù so wáyà mọ́ ọn.

"Bàbá," ni Hamidah wí, "kí ló dé tí ẹ ò na òsì?"

"Ọwọ́ òsì? Sí dókítà? Háà, Hàjíà, wọ́n kọ́ mi nílé o!"

Jàrátù yíjú sí fèrèsé. Èjìká rẹ̀ ń mì.

"Wọ́n kọ́ gbogbo ogójì náà nílé, ẹ̀gbọ́n," ni Hamidah wí. "Wáyà òsì wá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, bébà sì gbé ọkàn lọ síbẹ̀."

"Ìyẹn ò ní kí ọkàn ṣí kúrò láyè rẹ̀," ni Àfísù wí. "Bébà kì í parọ́."

Hamidah yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà nínú báàgì rẹ̀, ó fi í sí Àfísù létí, ó gbé ẹnu rọ́bà náà lé àyà Bùkárì lápá ọ̀tún. Àfísù tẹ́tí títí, ó dijú, ó tún tẹ́tí. Hamidah rọra sún un sí òsì.

Ibẹ̀ ni ọkàn Bùkárì wà.