Àwọn Ìnàkí Tí Kò Sá

"Wọ́n ní Etubu ló... Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ o. Wọ́n ní ó ti gba... Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, nígbà tí kò rówó oṣù gbà mọ́, kí ni kó..."

Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń já sí nìyẹn bí mo bá ti yọ sétí odò. Ọmọ Etubu ni mí. Lọ́jọ́ kan, Sombolo ìyàwó apẹja fi ẹ̀rín bi mí pé, "Ọmọ Etubu, ẹran tí kò sáré kí wọ́n tó pa á, ṣé ó máa ń tètè jinná?" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo gbé garawa mi.

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi ń tọ ipasẹ̀ ìnàkí fún àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó. Mẹ́rin nínú rẹ̀ ló fi kọ́ agbo kan ṣoṣo pé èèyàn kì í ṣe ọ̀tá. Bó bá ń sún mọ́ wọn, á fi ahọ́n gbá àjà ẹnu, tọ̀, tọ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni. Lọ́jọ́ tí akọ ńlá inú wọn, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti funfun, kọ́kọ́ wò ó tó sì ń bá oúnjẹ rẹ̀ lọ, tòun ti omi lójú ni bàbá mi wọlé, bíi baba ọmọ tuntun.

Nígbà tó yá, owó tó ń ti òkè òkun wá dáwọ́ dúró. Lásìkò tí èso ààpọ̀ ń já bọ́, ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n dá aṣọ iṣẹ́ àti ìbọn padà. Àwọn tó máa ń wá bá wa sọ̀rọ̀ nípa ẹranko nínú ọgbà ilé ìwé ní gbogbo Ọjọ́rú náà ò wá mọ́. Bàbá mi ṣì ń lọ sínú igbó lọ́fẹ̀ẹ́, títí ibà fi dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà péré. Nígbà tó fi padà débẹ̀, mẹ́rin ti kú: akọ ńlá náà, abo méjì, ọmọ kan. Wọ́n ti gé orí àti ọwọ́ wọn lọ. Ewé tí wọ́n ń jẹ ṣì wà níbi tí wọ́n jókòó sí. Kò sí ipasẹ̀ kankan nílẹ̀ tó fi hàn pé wọ́n sáré.

Ohun tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Kapita, olórí abúlé wa, ní ẹni tó pa wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ahọ́n pè wọ́n, àwọn tó ń tọ ipasẹ̀ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Àwọn mẹ́ta yòókù ti bá iṣẹ́ gẹdú lọ ọ̀nà jíjìn. Ó ku bàbá mi. Bí kò bá lè wẹ ara rẹ̀ mọ́, ká kẹ́rù wa kúrò ní Mosombo.

Àgbà méje jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Mosolo ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí pé kó sọ tẹnu rẹ̀, ó bá bú u: "Àbúrò mi, o lè bá ìnàkí sọ̀rọ̀, o ò lè bá èèyàn sọ ọ́." Ilẹ̀ ni bàbá mi ń wò. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ pé òun ò tà wọ́n. Àmọ́ kò dá a lójú pé òun kọ́ ló pa wọ́n.

Mo dìde. N kò sọ̀rọ̀ láàárín àgbà rí. Mo rán wọn létí Ọjọ́rú tó gbẹ̀yìn nínú ọgbà ilé ìwé, tí Kapita wà níbẹ̀, tí Ngodo ọdẹ jókòó níwájú, tí àwọn obìnrin ní ẹ̀rù ń ba àwọn láti já ewé níbi tí ìnàkí ń gbé, tí wọ́n sì bi bàbá mi pé kí ni káwọn ṣe. Kapita ní òun ò rántí ìdáhùn rẹ̀. Ó ní kí n sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, kí n má fi kún un.

Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́:

"Ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá rí wọn, ẹ jókòó, kí ẹ fi ahọ́n gbá àjà ẹnu báyìí lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo yín ni kí ẹ kọ́ ọ. Wọ́n á rò pé èmi ni, wọn ò sì ní sá."