Èémí Inú Àwo Ẹ̀pà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń kú sómi nínú yàrá gbígbẹ, kó wá bá wa ní Alajo, ní Accra, lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Inú yàrá tí ìyá Mọ́nsúrù ń kó ọjà sí ni a ti máa ń ṣeré wa, láàárín páálí mílíìkì, páálí ọṣẹ àti ẹ̀pà yíyan inú ìgò tí Alhaja ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Tudu. Páálí mílíìkì tí a tò pọ̀ ni tábìlì wa. Bí o bá fẹsẹ̀ kọ ọ́, gbogbo òkun dà nù.

Eré náà kò le. Mọ́nsúrù ló ń sọ ìtàn, òun ló ń sọ ibi tí a wà àti ohun tó ń bọ̀ wá pa wá. Àwa yòókù, kálukú ní ẹni tó ń ṣe nínú ìtàn ọ̀hún. A ó sọ ohun tí ẹni tiwa fẹ́ ṣe, a ó ju dáìsì, dáìsì ni yóò sọ bóyá ó rí i ṣe tàbí ẹja gbé e mì. Èmi Rasheedah, tí mo ń ránṣọ ní Kotobabi láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé, tí àwọn oníbàárà ń lọgun lé lórí, bó bá ti di Sọ́ńdè, èmi ni Àbẹ̀kẹ́ Olójúkan, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó ń jẹ́ Ẹ Yà Fún Wa. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn Àbẹ̀kẹ́ ju àwọn ẹ̀gbọ́n mi kan lọ. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé ọrùn aṣọ yìí ti fún jù.

Kwabena ni igbákejì mi. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Dansoman, àmọ́ ilé tó kángun sí ti Mọ́nsúrù ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ ẹja eléegun ni. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń wo ipò mi. Òfin Mọ́nsúrù ni pé ẹni tó bá kú ti kú, kò sí àjíǹde, bí ọ̀gá bá sì kú, igbákejì ló gba ọkọ̀. Kwabena ti mú ohun tó máa kọ sí ìdí ọkọ̀ náà bí mo bá kú, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sẹ́yìn trotro, ọkọ̀ akérò: Kwabena Ti Dé. Ó ti ya lẹ́tà rẹ̀ sórí bébà. Ó tún fi hàn mí, kò tijú.

Òfin kan tún wà, ìyẹn òfin ẹ̀pà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú omi, Mọ́nsúrù á bu ẹ̀pà díẹ̀ sínú àwo fún un. Ẹ̀pà yẹn ni èémí rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ṣe nísàlẹ̀ omi, ìbáà jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ, ẹ̀pà kan á kúrò. Bí àwo bá ṣófo, Mọ́nsúrù á kan dáìsì mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí nìyẹn. Ẹ wo Yusif tí òun náà ń bá wa ṣeré, ó ti di kùkù inú ọkọ̀ báyìí, àmọ́ jagunjagun ni tẹ́lẹ̀. Ó wọ omi lọ́jọ́ kan, ó ń ronú ohun tó máa ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sẹ́nu, ká tó mọ̀, ó ti jẹ èémí ara rẹ̀ tán. Ó ní kí n fún òun ní ẹyọ kan nínú tèmi. Kwabena ní ṣé ìyẹn bófin mu. Mọ́nsúrù dáhùn pé, "Ohun tó bá wà nínú àwo ẹni ni èémí ẹni. Mi ò béèrè ibi tó ti wá." Mo ní kí Yusif lọ bẹ ikùn rẹ̀. Jagunjagun kú, láti ọjọ́ náà ló ti wá ń ṣe kùkù, kì í sì í kúrò nídìí ìkòkò mọ́.

Ní Sọ́ńdè tí mò ń sọ yìí, Ayaba Ìsàlẹ̀ Òkun ti di ìdákọ̀ró wa mú, ọkọ̀ kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ẹnì kan ní láti lọ bẹ̀ ẹ́. Èmi ni ọ̀gá, mo ní màá lọ. Kwabena ní òun á tẹ̀ lé mi kí òun lè ràn mí lọ́wọ́. Irọ́ ló ń pa, òkú mi ló fẹ́ wá wò. Mọ́nsúrù bu ẹ̀pà fún àwa méjèèjì, mo ju dáìsì, a sì rì dé ìsàlẹ̀ òkun láìfarapa.

Ìgbà yẹn gan-an ni Alhaja ṣílẹ̀kùn, ó wá mú ọṣẹ. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí dáìsì.

"Mọ́nsúrù! Tẹ́tẹ́ ni? Láàárín ọjà mi? Ó yá, ẹ kó o jáde, ẹ̀yin náà ẹ bá a lọ!"

Mọ́nsúrù ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Màámi. Kì í ṣe tẹ́tẹ́, kò sówó níbẹ̀. Ìtàn la fi ń ṣeré. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó. Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ṣe Ayaba Ìsàlẹ̀ Òkun."

Alhaja fẹ́ bínú sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ayaba yẹn ti wọ̀ ọ́ létí. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó jókòó sórí páálí ọṣẹ.

"Kí ni iṣẹ́ ayaba?"

"Ẹ̀yin lẹ ni gbogbo omi, Màámi. Àwọn wọ̀nyí wá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dá irin ọkọ̀ wọn padà."

"Ó dáa. Ṣé wọ́n ti kí mi?"

Mo wo ẹ̀pà mi. Kò pọ̀. Ẹlòmíì á ní kí n kàn sọ tẹnu mi kí n sì máa lọ. Àmọ́ Accra ni wọ́n bí mi sí, wọn ò bí mi sígbó. Alhaja ló jókòó níwájú mi yẹn, ó mọ ìyá mi, ó mọ ilé wa. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rò ó.

"Ẹ kú ọ̀sán, Alhaja." Mọ́nsúrù mú ẹ̀pà kan. "Ẹ kú ìjókòó o." Ó mú òmíràn. "Ẹ kú ọjà. Ẹ kú òtútù inú omi."

"Sister Rashee, èémí!" Yusif kígbe láti ìdí ìkòkò rẹ̀.

Inú Alhaja ti yọ́. "Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ilé. Ìyá ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, Alhaja. Wọ́n ní kí n kí yín." Mọ́nsúrù mú méjì, ojú ń tì í.

Tí ayaba bá ní kí n dìde nígbà yẹn, ǹ bá yè. Ṣùgbọ́n ìyá wo la kúnlẹ̀ kí báyìí tí kò ní ṣàdúrà? Alhaja na ọwọ́ sórí mi, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ọlọ́run á dá ẹ sí."

"Àmín." Ẹ̀pà kan lọ.

"Omi ò ní gbé ẹ lọ."

"Àmín." Ó tún lọ.

"Ẹ̀mí ẹ á gùn gbọọrọ."

Mo ṣe àmín sí ẹ̀mí gígùn, ẹ̀mí mi sì kúrú sí i. Nígbà tó dé "o ò ní kú ní kékeré," mo gbìyànjú láti panu mọ́. Alhaja dúró. Ó wo ojú mi.

"Ṣé o ò fẹ́ ni?"

"Àmín, Alhaja."

Kwabena kò tíì sọ gbólóhùn kan láti ìgbà tí a ti wọ omi. Àwo rẹ̀ kún. Ó ti mú bébà rẹ̀ jáde, ó ń fi báírò kun àwọn lẹ́tà Kwabena Ti Dé. Inú bí mi débi pé omijé gba ojú mi. Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n bí Àbẹ̀kẹ́ bá lọ, kí ló kù fún mi? Ọrùn aṣọ àti síìpù.

Ẹ̀pà kan ṣoṣo ló kù nínú àwo mi. Alhaja sinmi àdúrà díẹ̀, ó rí i. Ó mú un, ó fi àtàǹpàkò bó èèpo rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu.

Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. A ń gbọ́ bó ṣe ń rún un.

"Herh!" Kwabena fò sókè. "Àwo ti ṣófo! Chale, ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ di tèmi! Mọ́nsúrù, kàn án!"

Mọ́nsúrù kan dáìsì mọ́ tábìlì, kó!

"Kí lẹ ń kàn?" Alhaja bi í.

"Màámi, ẹ̀pà yẹn ni èémí rẹ̀. Tí mo bá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti kú nìyẹn." Ó tún kàn án, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rọ. Kó!

Alhaja kò jẹnu mọ́. "Èémí rẹ̀ ni mo jẹ? Ẹni tí mo ń wúre fún, tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi? Èmi ni mo pa á?" Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó dìde, ó fa páálí kan ya, ó yọ ìgò ẹ̀pà tó tóbi jù, ó ṣí i, ó sì dojú rẹ̀ dé àwo mi. Ẹ̀pà kún àwo, ó dà sínú òkun, ó bo ọkọ̀, ó bo bébà Kwabena mọ́lẹ̀.

"Ẹ̀mí ọmọ mi nìyẹn," ó wí. "Rasheedah, dìde."

Mo dìde. N kò rántí pé mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti ọkàn wá tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin Yorùbá yìí!" Kwabena ń janpata. "Wọn ò gbà bẹ́ẹ̀! Mọ́nsúrù, sọ̀rọ̀!"

Mọ́nsúrù wo àwo mi. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé dáìsì kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ohun tó bá wà nínú àwo ẹni ni èémí ẹni," ó ní. "Mi ò béèrè ibi tó ti wá."

"Alhaja, ìdákọ̀ró wa ńkọ́?" mo bi í. Mo lè béèrè ohunkóhun báyìí.

"Irin yẹn? Ẹ gbé e. Kí ni mo fẹ́ fi irin ṣe nínú omi?" Alhaja padà jókòó. Ó yíjú sí Kwabena, ó nawọ́, ó sì fa àwo rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Látìgbà tí o ti wọ inú omi mi, o ò kí mi." Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu. Ó ju òmíràn. Ó bu ìyókù sọ́wọ́ tán pátápátá.

Kwabena wo Mọ́nsúrù. Mọ́nsúrù ti gbé dáìsì. Kó!

Olùkọ́ ìṣirò kò tún dúró ṣírò mọ́. Ó nà gbalaja sílẹ̀ láàárín páálí mílíìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàárọ̀, Màámi!"

"Ọ̀sán ti lọ jìnnà, Kwabena," Alhaja wí. Ó mú ẹyọ ẹ̀pà kan, ó jù ú sínú àwo rẹ̀. "Ti ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Máa kí mi lọ, mò ń gbọ́."