Rélùwéè Tó Gun Òkè

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí owó epo ń ya wọlé, ni kánsù wa ní àwọn fẹ́ sọ ojú irin àtijọ́ di ọ̀nà ìnàjú. Ojú irin yìí ni àwọn òyìnbó agégẹdú fi ń kó ìtì igi láti Òrè lọ sí ìsàlẹ̀ odò nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n ti tú irin rẹ̀ kó lọ tipẹ́, igbó sì ti bò ó. Kánsù ní ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan ni yóò máa gbabẹ̀, kí aráàlú lè máa ṣe fàájì létí odò. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ń fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́rin lọ sóko lójoojúmọ́, fàájì wo ló wà nínú ìrìn?

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi lọ́jọ́ tí Lawrence, ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ fún kánsù, wá bá mi nílé. Wọ́n ti sọ fún un pé èmi nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó ń ro etí ojú irin náà. Kí n wá fi ibi tó gbà hàn án.

Mo mọ ibi tó gbà. Àárín kòkó mi ni, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú lẹ́bàá odò. Kòkó yẹn ni mo fi kọ́lé, òun ni mo fi rán ọmọ níléèwé.

Nígbà tí a dé oríta oko, mo yà sọ́tùn-ún, sórí ilẹ̀ tí mo fún Oyèdèjì dáko. Ará Ìkirè ni. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ lọ́dọ̀ mi, kòkó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so dáadáa ni. Mo nawọ́ sí àárín kòkó náà, mo ní ibẹ̀ ni rélùwéè gbà. Oyèdèjì wò mí, ó wo òkè tó wà lẹ́yìn oko rẹ̀. Kí oṣù tó parí, katakata ti wó gbogbo rẹ̀.

Ojúkòkòrò ò jẹ́ kí n ro ti òkè yẹn, pé rélùwéè kì í gun irú òkè bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà, alága kánsù àtàwọn èèyàn rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Òrè pẹ̀lú ọ̀yàyà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Alága wá bi mí lójú gbogbo ayé bóyá lóòótọ́ ni rélùwéè gun òkè yìí. Ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlé sínú rẹ̀.

Oyèdèjì ló jáde láàárín èrò. Ó ní, “Ó gùn ún, sà. Mo bá àpá irin níbẹ̀ nígbà tí mo ń ṣánko.”

Wọ́n yin rélùwéè òyìnbó, wọ́n sì kọjá lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mi ò lè jẹ oúnjẹ tí Hannah ìyàwó mi gbé síwájú mi. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ ara tù mí díẹ̀, torí mo gbà pé ọkùnrin náà ti dárí jì mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a ní abà rẹ̀. Mo ní, “Oyèdèjì, o bò mí láṣìírí. Mi ò mọ̀ pé o ti gbàgbé ohun tí mo ṣe.”

Ó bojú wo ìyàwó rẹ̀ tó pọn ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Mi ò gbàgbé, Bàbá. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Bí mo bá tú àṣírí yín, ẹ ó lé wa, a ò sì ní ibòmíì.”

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú sí òun. Èmi tí mo wá bẹ̀ ẹ́ dúró lé e lórí, mi ò rí ẹnu sọ fún un pé kó dìde.