Ìró Ínhélà Àárọ̀

Búrẹ́dì ni ọkọ mi ń ṣe. Ìyẹ̀fun tó ń bọ́ wa náà ló ń fún un lọ́rùn. Dókítà ní ikọ́ fée ló ní, pé eruku díẹ̀ báyìí, ọ̀nà èémí rẹ̀ á wú, á há. Ó fún un ní ínhélà méjì, oògùn tí a ń fà sínú láti ẹnu: búlúù fún ìgbà tí èémí bá há, pupa tó ní sítẹ́rọ́ìdì, tí kì í jẹ́ kí ọ̀nà èémí wú, láràárọ̀, bí ara tilẹ̀ yá.

“Ara mi le, kí ni mo fẹ́ fà á fún?” ni olórí kunkun yẹn wí. Mo ní bí n kò bá ti gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá, kò ní í rí tíì mu. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ: ṣìì, ṣìì. Èmi náà á po tíì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣubú nídìí ààrò búrẹ́dì. Búlúù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n apá búlúù nìkan ò ká èémí tó há náà mọ́. Ibẹ̀ ló kú sí.

Lónìí, mo rí ínhélà pupa nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń sọ iye ìgbà tó kù láti fà á ṣì jẹ́ ọgọ́fà, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ oníkẹ́mísì, oṣù kan sẹ́yìn.

Ẹnu lásán ni òpùrọ́ yìí fi ń ṣe ìró náà.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi ẹnu tèmi náà dán an wò: ṣìì, ṣìì. Ó jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dìde láti lọ po tíì.